1973: Ọdún Tí Gìtá Bú Ramúramù l'Ékòó

Ẹ ní kí àwọn olólùfẹ́ orin heavy metal ní Yúróòpù dárúkọ ọdún tó ta yọ jù lọ nínú ìtàn orin wọn, ẹnu wọn kò ní í kò. Àwọn kan á ní 1970 ni, nítorí pé ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún náà ni Black Sabbath, àwọn ọmọ ìlú Birmingham, gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde. Àwọn mìíràn á takú pé 1980 ni, ọdún tí Iron Maiden gbé tiwọn àkọ́kọ́ jáde, tí Judas Priest náà sì gbé British Steel síta. Ní ti Èkó, ọ̀rọ̀ náà kò le tó bẹ́ẹ̀. 1973 ni.

Kò sí ẹgbẹ́ olórin kankan l'Ékòó ayé ìgbà náà tó pe orin rẹ̀ ní heavy metal. Rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè é, àwọn mìíràn sì ń pè é ní Afro-rock. Ṣùgbọ́n odò kan náà ni wọ́n ti pọnmi pẹ̀lú àwọn ọmọ Birmingham: Jimi Hendrix, àti Cream, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta tí Eric Clapton, Jack Bruce àti Ginger Baker dá sílẹ̀ ní 1966, tó sì tú ká ní 1968. Àwọn tó ń kọ ìtàn heavy metal kì í fo Cream. Ginger Baker, onílù Cream, gan-an ló wá ṣí sítúdíò sí Ìkẹjà ní oṣù Kìíní ọdún 1973.

Èkó ọdún náà kò fara balẹ̀ rárá. Ogun abẹ́lé ti parí láti oṣù Kìíní 1970. Oṣù Kẹrin 1972 ni àwọn awakọ̀ kúrò lápá òsì ọ̀nà bọ́ sí apá ọ̀tún. Ọjọ́ kìíní ọdún 1973 ni náírà gba ipò pọ́ùn. Kí oṣù náà tó parí, àwọn eléré ìdárayá láti gbogbo Áfíríkà ti péjọ sí Sùúrùlérè fún ìdíje All-Africa Games ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ní oṣù Karùn-ún, ìjọba Yakubu Gowon dá ètò àgùnbánirọ̀ NYSC sílẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, ogun bẹ́ láàárín Ísírẹ́lì àti àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá, owó epo rọ̀bì gbẹ́nu sókè, Nàìjíríà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí owó tí kò rí rí.

Owó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà wà nílùú. Ìbọn ogun ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn adigunjalè. Òfin tí ìjọba ṣe ní 1970 sọ pé ikú ni ìjìyà olè tó bá di ìhámọ́ra, láti 1971 sì ni àwọn ará Èkó ti ń lọ wo bí sójà ṣe ń yìnbọn fún àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi ní etíkun Bar Beach. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yìnbọn pa Ìṣọ̀lá Oyènúsì, olórí adigunjalè, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí yóò ṣàlàyé ohun kan níwájú.

Àwọn ọ̀dọ́ tó bá ara wọn nínú Èkó yìí, highlife tí bàbá wọn ń jó kò tẹ́ wọn lọ́rùn mọ́. Irun áfúrò ló kù, ṣòkòtò bóńgò ló kù. James Brown ti wá sí Nàìjíríà ní oṣù Kejìlá 1970, ẹni tí kò bá a lójúkojú gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó bá a. Ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama àti ní yunifásítì, ọmọ tó bá mọ gìtá ta níwọ̀nba ti ń wá ẹni tí yóò bá a lùlù. Ní ìlà oòrùn náà, ní Aba, The Funkees ti gbóná débi pé wọ́n kó ẹrù wọn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1973.

Àwọn kan máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé Ginger Baker ló gbé rọ́ọ̀kì wọ Èkó. Òótọ́ ni pé ó wá, ọ̀nà tó sì gbà wá jọni lójú: ní 1971, ó wa mọ́tò Range Rover gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá títí tó fi dé Èkó, Tony Palmer tó ń ya sinimá sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Òun àti Fẹlá jọ ṣe àwo Live! ní ọdún náà. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé, àwọn ọmọ Èkó ti ń ta gìtá oníná. The Clusters ti wà láti àárín àwọn ọdún 1960, àwọn èèyàn sì máa ń pè wọ́n ní Beatles ti Nàìjíríà. Láàárín wọn ni Berkley Jones àti Láolú Akíntọ́bí ti gbọ́nwọ́. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá Tee Mac onífèrè àti àwọn ìbejì Lijadu, Táíwò àti Kẹ́hìndé, dá Afro Collection sílẹ̀, wọn kò dúró de òyìnbó kankan kó wá kọ́ wọn. Baker bá iná lójú ààrò. Ohun tó ṣe ni pé ó koná mọ́ ọn. Ó kó lára wọn sínú ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Salt ní 1972, wọ́n sì jọ bá a lọ ṣeré ní Jámánì lásìkò ìdíje Òlíḿpíìkì ti Munich. Nígbà tí Salt tú ká, àwọn ọmọ Èkó padà wálé láti ṣe tiwọn.

Tiwọn náà ni BLO.

Lẹ́tà mẹ́ta, ọkùnrin mẹ́ta: Berkley Jones tó ń ta gìtá, Láolú Akíntọ́bí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Laolu Akins lórí ìlù, àti Mike Gbénga Odùmósù lórí gìtá báàsì. Èkó kò mọ irú ẹ̀ yẹn. Ẹgbẹ́ tó kún orí pèpéle ni Èkó mọ̀, onífèrè lọ́tùn-ún, onísẹ̀kẹ̀rẹ̀ lósì, àwọn elégbè lẹ́yìn, ọ̀gá olórin níwájú. BLO jáde ní ẹni mẹ́ta, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wọn lè sá pamọ́ sí. Bí ọwọ́ onílù bá yẹ̀, gbogbo ilé ló gbọ́. EMI gbé àwo wọn àkọ́kọ́, Chapter One, jáde ní 1973.

Abẹ́ ẹsẹ̀ Berkley Jones ni apá kan nínú àṣírí àwo náà wà. Onígìtá rọ́ọ̀kì kì í sábà ki okùn gìtá rẹ̀ bọ inú ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè lọ́ọ̀kán gan-an. Àwọn àpótí kékeré kan máa ń wà nílẹ̀ láàárín méjèèjì. Ọ̀kan ni fuzz. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ba ohùn gìtá jẹ́: ó ń gé orí ìgbì iná tó ń ti inú gìtá bọ̀, títí ohùn tó mọ́ roro yóò fi há, tí yóò máa kùn, tí yóò kún gbogbo etí. Èkejì ni wah-wah, tó ní pátákó tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Bí onígìtá bá fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ síwájú, ohùn á tín-ínrín, á mú. Bó bá fi gìgísẹ̀ fà á sẹ́yìn, ohùn á wúwo, á rẹlẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ń lọ tó ń bọ̀, gìtá á bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn bí ìgbà tí onílù bá ń fún osán ìyáàlù mọ́ abẹ́ apá. Bóyá ìdí nìyí tí gìtá náà kò fi ṣàjèjì sí etí ọmọ Yorùbá, bó ti wù kó pariwo tó. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohun tí à ń wí, kó wá Preacherman tàbí Chant to Mother Earth nínú àwo náà.

Ohun tó sì mú BLO yàtọ̀ sí àwọn tó kàn ń kọ́ ìṣe òyìnbó ni ọwọ́ Laolu Akins. Gìtá lè jẹ́ ti Hendrix, ìlù kì í ṣe ti Lọ́ńdọ̀nù. Àyè ń wà láàárín ìlù rẹ̀, ó ń yí, ó ń pe ijó. Ìlù Black Sabbath ń tẹ̀ ọ́ mọ́lẹ̀ ni. Ìlù BLO ń gbé ẹ dìde.

Sítúdíò tí Baker ṣí sí Ìkẹjà ní ọdún náà ń jẹ́ ARC. Ṣáájú rẹ̀, EMI ló ni èyí tó lórúkọ jù, ní Wharf Road, Àpápá, nítòsí èbúté, ilé tí wọ́n ti ń tẹ àwo jáde sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀. Níbẹ̀ ni Odion Iruoje ti ń ṣiṣẹ́, ẹni tí ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ máa wà lẹ́nu gbogbo ẹni tó fẹ́ràn orin Nàìjíríà. Òun ló bójú tó Jẹun Kóo Kú, orin tó sọ Fẹlá di ìlú-mọ̀ọ́ká ní 1971. Etí rẹ̀ mọ ohun tó dára kí ọjà tó mọ̀ ọ́n.

Inú sítúdíò Wharf Road yìí náà ni Paul McCartney wọ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1973.

Ọkùnrin tó ti wà nínú Beatles rí náà fẹ́ ibi tó jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù láti ṣe àwo tuntun pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, Wings. EMI sọ àwọn ìlú tí wọ́n ti ní sítúdíò fún un, ó mú Èkó. Kí wọ́n tó wọ bàálù, méjì nínú àwọn olórin rẹ̀, onígìtá Henry McCullough àti onílù Denny Seiwell, ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ó wá ku òun, ìyàwó rẹ̀ Linda, Denny Laine, àti Geoff Emerick tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ. McCartney fúnra rẹ̀ ló ń lùlù, tó ń ta báàsì, tó tún ń ta gìtá. Òjò Èkó ń rọ̀. Wọ́n ti kìlọ̀ fún òun àti Linda pé kí wọ́n má fẹsẹ̀ rìn lóru, ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n rìn. Àwọn olè fi ọ̀bẹ dá wọn dúró, wọ́n gba àpò tí téèpù àwọn orin tuntun náà àti ìwé ọ̀rọ̀ orin wà nínú rẹ̀. Nínú ìlú tí wọ́n ti ń yìnbọn pa olè ní gbangba, olè tó mọ̀ pé òun lè kú kì í fẹ́ fi ẹlẹ́rìí sílẹ̀; orí ló yọ wọ́n. McCartney ní láti fi orí rántí gbogbo orin náà. Lẹ́yìn náà ni èémí há a mọ́ àyà, ó dákú, ẹ̀rù ba àwọn èèyàn rẹ̀ pé ọkàn rẹ̀ ló fẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà ní sìgá ló pọ̀ jù.

Fẹlá kò sì pọ́n ọn lé. Ó fẹ̀sùn kàn án pé ó wá jí orin aláwọ̀ dúdú kó. McCartney pè é, ó gbé orin tó ti gbà sílẹ̀ fún un gbọ́, Fẹlá sì rí i pé kò sí ohun tí wọ́n jí níbẹ̀. Ìfura Fẹlá kò burú. Ìtàn orin rọ́ọ̀kì kún fún orin aláwọ̀ dúdú tí ẹlòmíràn jẹ èrè rẹ̀. McCartney náà lọ sí Shrine, ilé ijó Fẹlá, ó gbọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ti sọ ọ́ léraléra láti ìgbà náà pé orin náà pa òun lẹ́kún. Ọdún tí Fẹlá gbé Gentleman jáde ni à ń wí yìí, kò sì yani lẹ́nu.

Baker náà ń fẹ́ kí wọ́n wá lo ARC. Wọ́n lọ síbẹ̀ fún orin kan ṣoṣo, Picasso's Last Words. Nínú orin náà, Baker, ọ̀kan nínú àwọn onílù tó lókìkí jù lọ láyé, gbé agolo tí wọ́n bu òkúta wẹ́wẹ́ sí, ó ń mì ín. Àwo náà, Band on the Run, jáde ní ìparí ọdún 1973, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Grammy méjì ní 1975, ọ̀kan nínú rẹ̀ ti Emerick. Lẹ́yìn tí wọ́n padà dé Lọ́ńdọ̀nù ni Remi Kabaka, ọmọ Nàìjíríà, bá wọn lu ìlù ọwọ́ nínú Bluebird.

Ìtàn tí ayé mọ̀ mọ́ Èkó 1973 nìyí: olè, òjò, Fẹlá tó bínú. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò tọ́ kó jẹ́ òun nìkan ni wọn yóò máa sọ. Àlejò ló wá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tó sì lọ. Àwọn onílé ń ṣe ohun tó tóbi ju ìyẹn lọ nínú sítúdíò kan náà, fún ilé iṣẹ́ kan náà, lọ́dún kan náà. Àwọn kan nínú wọn ṣì ń wọ aṣọ ilé ìwé.

St. Gregory's College, ilé ẹ̀kọ́ àwọn Àgùdà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1928 lágbègbè Òbáléńdé, ni Ofege ti wá. Melvin Ukachi ló ṣáájú wọn, ọ̀dọ́langba ni gbogbo wọn. Odion Iruoje gbọ́ wọn, ó mú wọn wọ sítúdíò EMI, Berkley Jones ti BLO náà sì wá ràn wọ́n lọ́wọ́ lórí gìtá. Àwo tó jáde nínú rẹ̀ ni Try and Love. Ohùn àwọn ọmọ náà kò tíì gbó, wọn kò sì díbọ́n pé ó ti gbó. Wọ́n ń kọrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lórí ìfẹ́, nígbà tí gìtá fuzz ń han lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Orin kan níbẹ̀ ń jẹ́ Gbé Mi Lọ. Àwo náà tà gan-an, ó sì sọ fún ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé káàkiri Nàìjíríà pé gìtá kì í ṣe ti ọmọ òyìnbó tàbí ti ọ̀mùtí ilé ọtí. Kí òbí tó mọ̀, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ girama tó gbayì ti fẹ́ ní ẹgbẹ́ olórin tirẹ̀.

Kí ló dé tí iná náà kò fi pẹ́?

Owó ni ìdáhùn tó lágbára jù. Jùjú ní olówó rẹ̀. Ebenezer Obey tàbí Sunny Adé yóò kọrin kan olóyè, olóyè yóò dìde, owó yóò lẹ̀ mọ́ iwájú orí olórin. Bí àwo kò bá tilẹ̀ tà, òde àríyá ti san gbèsè. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gba àfikún owó oṣù tí wọ́n ń pè ní Udoji ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975, ìsìnkú àti ìsọmọlórúkọ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ bá lọ, ibẹ̀ kì í sì í ṣe ibi tí wọ́n ń pe BLO sí. Ọmọ ilé ìwé ló ni rọ́ọ̀kì, ọmọ ilé ìwé kò sì ní ju owó àwo kan lọ. Bẹ́ẹ̀ ni gìtá, ẹ̀rọ àti ìlù tó yẹ fún rọ́ọ̀kì ń bọ̀ láti òkè òkun, ó wọ́n; lọ́pọ̀ ìgbà, onílé ìgbafẹ́ tàbí ọ̀gá ẹgbẹ́ ló ni wọ́n, ọjọ́ tí ìjà bá sì dé, olórin á jáde lọ́wọ́ òfo.

Àwọn tó fọ́n ká fọ́n ká kíákíá. Ní 1974, Baker ti wà nínú ẹgbẹ́ mìíràn ní Lọ́ńdọ̀nù, Baker Gurvitz Army. BLO kúrò ní EMI, Phase II tí wọ́n ṣe ní 1975 sì ti ń yà sọ́nà fọ́ńkì. Nígbà tí wọ́n dé Bulky Backside ní 1980, dísíkò ló kù. Ofege kò ṣe àwo kejì títí di 1976, wọn kì í ṣe ọmọ ilé ìwé mọ́. Ní 1976 yẹn náà, Odùmósù ti ń ta báàsì fún Osibisa ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹni tó bá ń gbé Victoria Garden City lónìí lè rò pé ibi tí òun wà ni ìdí orin Èkó, nítorí pé Victoria Island àti Lẹ́kí ni eré ńlá pọ̀ sí báyìí. Ní 1973, VGC kò sí. Ìkòtá àti Ajah jẹ́ abúlé láàárín omi àti ẹrẹ̀. Ìgbà ìjọba Látéèfù Jákàńdè, lẹ́yìn 1979, ni wọ́n tó la ọ̀nà márosẹ̀ Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, àwọn ọdún 1990 sì ni ilé bẹ̀rẹ̀ sí í dìde ní VGC. Yábàá, Sùúrùlérè, Ìdí-Òrò, Ìkẹjà àti Àpápá ni ẹsẹ̀ àwọn olórin rọ́ọ̀kì mọ̀. Ìran tó ra Try and Love nígbà tó ń lọ sílé ìwé wà lára àwọn tó wá ra ilẹ̀ lápá Lẹ́kí nígbà tí owó dé ọwọ́ wọn, wọ́n sì ti di bàbá àgbà àti ìyá àgbà báyìí. Ó yẹ kí àwọn ọmọ ọmọ wọn tó ń fi fóònù gbọ́ Metallica bi wọ́n léèrè.

Òyìnbó ló kọ́kọ́ padà wá wa ìṣúra náà. Ilé iṣẹ́ àwo Strut fi Chant to Mother Earth sínú àkójọ Nigeria 70 ní 2001. Ilé iṣẹ́ àwo Soundway ṣe Nigeria Rock Special ní 2008. Ní 2016, Uchenna Ikonne, ọmọ Nàìjíríà tó mọ ìtàn yìí dénú, kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ nínú Wake Up You!, ìwé àti àwo papọ̀. Àwo 1973 tí wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú ní Èkó rí ti di ohun tí wọ́n ń fi owó gọbọi ra ní Lọ́ńdọ̀nù àti New York. Ní ẹ̀gbẹ́ wa níbí, ní Lomé, ẹgbẹ́ Arka'n Asrafokor ti ń da heavy metal gidi pọ̀ mọ́ ìlù àwọn Ewe, wọ́n gbé Zã Keli jáde ní 2019 àti Dzikkuh ní 2024, wọ́n sì ń ṣeré káàkiri Yúróòpù. L'Ékòó, olórin Clayrocksu ò yé kọ rọ́ọ̀kì.

Ṣùgbọ́n ibi tí 1973 ti so èso tó pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fojú sí i. Laolu Akins fi ọ̀pá ìlù sílẹ̀, ó di ẹni tó ń bójú tó àwo ẹlòmíràn. Ní 1989, òun ló wà nídìí Ace, àwo Shina Peters, tó yára ju jùjú tí wọ́n mọ̀ lọ, tí ìlù rẹ̀ sì wà níwájú gbangba. Ace gba gbogbo òde àríyá ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn olóyè náwó fún un, àwọn ọ̀dọ́ tó ti ní jùjú kì í ṣe tiwọn padà wá jó o. Jùjú tó gba owó lọ́wọ́ BLO ní 1975, onílù BLO ló tún un ṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá.